Agbe tí kò tíì láró

Aṣọ mẹ́sàn-án ni ìyá mi fi sílẹ̀ sínú àpótí páànù kan nígbà tó papò dà ní Kánò, nínú oṣù kejì ọdún 2022. Mẹ́jọ nínú wọn jẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ, aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀kọ ya àwòrán sí lára kí aró má baà wọ ibẹ̀. Wọ́n ti parí, aró sì ti mú dáadáa. Ìkẹsàn-án ṣì funfun. Ó ti fi ẹ̀kọ ya gbogbo àwòrán ara rẹ̀ tán, ẹ̀kọ náà ti gbẹ, ṣùgbọ́n aṣọ ọ̀hún kò tíì fojú kan aró. Kí n tó débi àpótí náà, méjì nínú mẹ́jọ ti jóná. Bí wọ́n ṣe jóná ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀, àti ohun tí mo fi ẹnu ara mi sọ kí ìyókù má baà jóná, àti bí aṣọ kẹsàn-án ṣe padà rí aró. Àwọn ọmọ wa ni mo ń kọ ọ́ fún ṣáájú ẹnikẹ́ni.

Ọjà'ba ni wọ́n bí Màmá sí n'Ìbàdàn, ní 1944, lẹ́sẹ̀ òkè Màpó. Aláró ni ìyá rẹ̀, aláró ni ìyá ìyá rẹ̀. Ó máa ń sọ fún wa pé kí òun tó mọ̀wé í kà lòun ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìyẹ́ adìyẹ falà. L'Ábẹ́òkúta, àwọn ọkùnrin a máa gé páànù ní bátànì, wọ́n á gbé e lé aṣọ, wọ́n á sì fi ẹ̀kọ gba orí rẹ̀ kọjá. Obìnrin Ìbàdàn kì í gbé nǹkan kan lé aṣọ. Ìyẹ́ ni, ọwọ́ ni, ojú inú ni. Bí ẹnikẹ́ni bá fi àdìrẹ han Màmá, ẹ̀bá ìlà ló kọ́kọ́ máa ń wò, ibi tí ẹ̀kọ ti tán lẹ́nu ìyẹ́ tí ìlà náà wá tínrín, tí ẹni tó ń ya á tún ki ìyẹ́ bọ inú ẹ̀kọ tó sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀kán tó sanra díẹ̀. Ó ní ibẹ̀ lòun ti máa ń gbọ́ mímí ẹni tó ṣe é.

Ní 1971 ló bá bàbá mi, tó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè, lọ sí Kánò. Sábọ̀n Gàrí ni wọ́n ń gbé, lójú títì tí wọ́n ń pè ní Yoruba Road, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí gbogbo wa sí. Yàrá méjì ni ilé wa, àgbàlá gbọọrọ wà lẹ́yìn, àgbàlá yẹn ni Màmá sọ di Ìbàdàn. Láfún ló fi ń ṣe ẹ̀kọ. Á sẹ́ ẹ, á sè é pẹ̀lú álọ́ọ̀mù títí á fi ki bí ògì tí wọ́n fẹ́ pọ́n sínú ewé. Á ká aṣọ funfun sí ọgbọọgba kí ojú ìká náà lè là á sí igun mẹ́rin mẹ́rin, á tẹ́ ẹ sórí tábìlì, á sì bẹ̀rẹ̀ láti òkè lápá òsì. Abala méjì ni ìró kan, abala kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọ̀pá méjì àbọ̀, wọ́n á wá rán wọn pọ̀ láàárín. Ojú kan ṣoṣo ló ń ya ẹ̀kọ sí. Nítorí pé aró ń ráyè wọlé díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀yìn, ibi tí ẹ̀kọ wà kì í funfun báláú bí wọ́n bá ha ẹ̀kọ kúrò, àwọ̀ ojú ọ̀run ní ìdájí ló máa ń ní. Mo ti wo aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀, tí wọ́n ń tà lọ́jà Wuse l'Ábújá ní orúkọ àdìrẹ. Funfun rẹ̀ mọ́ jù. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń dá a mọ̀.

Lọ́dún àkọ́kọ́, inú ìkòkò lẹ́yìnkùlé ló ti ń rẹ aṣọ rẹ̀. Ọmọ ìyá rẹ̀ ló ń fi ẹlú ránṣẹ́ láti Ìbàdàn, èyí tí wọ́n ti gún tí wọ́n ṣù tí wọ́n sá gbẹ, omi eérú ló sì fi ń pa á. Ṣùgbọ́n aró tó bá ń jí lọ́wọ́ a máa rùn, ayálégbé mẹ́jọ ló sì ń lo àgbàlá yẹn. Onílé ní kí ó kó ìkòkò rẹ̀ jáde. Ibẹ̀ ló ti di pé ó ń gbé aṣọ lọ sí Kofar Mata.

Ẹni tó bá ti dé Kánò á mọ Kofar Mata, ibi kòtò aró tí wọ́n kọ 1498 sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ pé ọdún yẹn ni wọ́n dá a sílẹ̀. Kòtò róbótó róbótó ni, wọ́n gbẹ́ ẹ wọlẹ̀, ẹnu rẹ̀ dán. Ewéko tí àwọn Hausa ń pè ní baba ni wọ́n ń lò níbẹ̀, pẹ̀lú eérú àti káún. Igi ẹlú tiwa àti baba tiwọn kì í ṣe ewé kan náà, ṣùgbọ́n aró kan náà ló ń ti inú méjèèjì jáde. Ohun tó ya Màmá lẹ́nu ni pé kò sí obìnrin kan lẹ́nu iṣẹ́ náà. Nílé tiwa, ọkùnrin kì í dá sí ìkòkò aró. Níbẹ̀, ọkùnrin ni gbogbo aláró, bàbá ń fi í sílẹ̀ fún ọmọ.

Aṣọ àkọ́kọ́ tó gbé fún wọn bàjẹ́. Mallam tó gbà á ṣe é bó ṣe ń ṣe aṣọ tí wọ́n ta ní kókó, ó ń tì í bọ inú kòtò, ó ń fún un, ó ń rọ́ ọ bọ̀. Ẹ̀kọ ṣí kúrò. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta di aṣọ aláwọ̀ búlúù lásán. Màmá jókòó sẹ́nu kòtò, ó sunkún. Mallam náà kò gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí ó mú òmíràn wá kí ó wá dúró ti òun kí ó sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Báyìí ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀: ó ń rọra sọ aṣọ náà kalẹ̀ bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun, kì í fún un, á gbé e sókè, á tẹ́ ẹ sí oòrùn kí ẹ̀kọ lè tún le, á tún sọ ọ́ kalẹ̀. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n jọ ṣe é. "Mama Bayarabiya" ló ń pè é, ìyá ọmọ Yorùbá. Kí ó tó sọ aṣọ kalẹ̀, á ní "Bismillahi". Màmá á sì dáhùn pé "Àmín."

Mo ti dé ibi tó ṣòro fún mi láti kọ. Ọmọ Ìjọ Áńgílíkà ni Màmá, kì í pa ìpàdé Ẹgbẹ́ Ìyá jẹ. Síbẹ̀, kí ìyẹ́ rẹ̀ tó kan aṣọ, á bu omi díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ tábìlì, á ní, "Ìyá Màpó, ìwọ lo niṣẹ́. Má jẹ́ kó bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́." Ìyá Màpó ni òrìṣà tó ni iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin, tó ni aró rírẹ, tó ni ìkòkò mímọ, tó ni epo fífọ̀. Òkè ńlá kan ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Ìgbẹ́tì títí di òní. Àwa ọmọ kò rí i bí nǹkan kan. Bí Màmá ṣe ń sọ ọ́ náà ni à ń gbọ́ ọ, bí ìgbà tó ń gbàdúrà lórí oúnjẹ.

Lẹ́yìn tí a ti sin ín n'Ìbàdàn, àpótí náà bá ẹrù yòókù lọ sílé Bọ̀ọ̀dá mi ní Kàdúná. Òun ni àkọ́bí, ibẹ̀ ló sì tọ́ kó wà. A fi àdéhùn sí i pé n óò wá láti Abuja ní Ọdún Àjíǹde, kí a jọ ṣí i kí a sì pín in. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta, àwọn agbébọn kọlu ọkọ̀ ojú irin Abuja sí Kàdúná, wọ́n pa èèyàn, wọ́n kó èèyàn lọ sínú igbó. Ọkọ̀ ojú irin dáwọ́ dúró. Ojú títì sì nìyẹn, ẹni tó bá gbà á ń fi ẹ̀mí wéwu. Ọkọ mi ní n kò níí lọ, èmi náà kò sì fẹ́ lọ. Mo pe Bọ̀ọ̀dá, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí àpótí náà wà ní pípadé títí ọ̀nà á fi dára.

Nínú oṣù karùn-ún ni àbíkẹ́yìn Bọ̀ọ̀dá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gbé e dúró sílé ìwòsàn láàárín oṣù kan. Àwọn alágbàdúrà ìjọ kan tí ìyàwó rẹ̀ ń lọ wá sílé, wọ́n béèrè pé kí ló wọlé wá láìpẹ́ yìí tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ojú òmùgọ̀ wo Bọ̀ọ̀dá mi. Ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn, ẹ̀rù bà á. Wọ́n ṣí àpótí. Màmá a máa kọ orúkọ aṣọ sí ìwé pélébé, á fi pín-ìnnì há a mọ́ etí rẹ̀. Èyí tó wà lókè pátápátá, "Olókun" ló wà lára ìwé rẹ̀. Wọ́n gbé e jáde. Wọ́n tún gbé èkejì tí ejò àti àkeekèé wà nínú igun mẹ́rin rẹ̀. Wọ́n da kẹrosíìnì sí méjèèjì nínú àgbàlá.

Bọ̀ọ̀dá fúnra rẹ̀ ló pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní àwọn yòókù ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní kí n má bínú, òrìṣà ni Màmá ń yà sára aṣọ. Ara mi ń gbọ̀n. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́. Àwòrán lásán ni. Àṣà lásán ni. Orúkọ bátànì ni Olókun, bí ẹni ń pe aṣọ ní léèsì. Màmá kò ní nǹkan kan lọ́kàn tó fi ń yà á. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n wá kó o lọ." Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní ó dáa, òun á sọ fún wọn pé àbúrò òun ló ni ìyókù. Bí mo ṣe gba aṣọ méje sílẹ̀ nìyẹn.

Ọjọ́ 5 oṣù kejìlá ni ọkọ̀ ojú irin padà bẹ̀rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú Kérésìmesì, mo wọ̀ ọ́ ní Kubwa l'Ábújá, mo sọ̀ kalẹ̀ ní Rìgásà ní Kàdúná. Mo kó àwọn aṣọ náà jáde sórí bẹ́ẹ̀dì àlejò. Bátànì tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn wà níbẹ̀, pẹ̀lú òpó gbọ̀ngàn Màpó tí wọ́n ṣí ní 1929, àti ṣíbí láàárín òpó sí òpó. Bátànì Súnbẹ̀bẹ̀ náà wà níbẹ̀. Mẹ́rin jẹ́ èyí tí Màmá fúnra rẹ̀ ronú ṣe. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀ ni ìkẹsàn-án wà, tí ó yí mọ́ igi kan dípò kí ó ká a, kí ẹ̀kọ má baà fọ́.

N kò rí i rí. Funfun lórí funfun ni, ẹ̀kọ gbígbẹ náà kàn pọ́n díẹ̀ ju aṣọ lọ, àfi kí n gbé e wo ìmọ́lẹ̀ fèrèsé kí n tó rí ohun tó yà. Ẹyẹ ni. Mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n tò, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹyẹ kìíní, ìlà tín-ín-rín ló fi yí i ká, kò fi ẹ̀kọ kankan sínú rẹ̀. Ẹyẹ kejì, ó fi ìlà wẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀. Ẹyẹ kẹta, ó fi ẹ̀kọ bò ó pátápátá láti orí dé ẹsẹ̀. Lábẹ́ ìtò kọ̀ọ̀kan ni ìlà tó ń lọ kọ́rọ́kọ́rọ́ bí omi. Kò kọ orúkọ rẹ̀ sí ìwé kankan.

Mo ya á ní fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí Ìyá Kékeré n'Ìbàdàn, àbúrò Màmá, ẹni tó ń fi ẹlú ránṣẹ́ nígbà náà. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló di fóònù mú fún un. Mo ní, "Ìyá, kí ni ẹyẹ wọ̀nyí?" Kò dá mi lóhùn tààrà. Orin ló fi dá mi lóhùn, pẹ̀lú ohùn tó ń gbọ̀n:

Agbe ló laró, kì í ráhùn aró,
Àlùkò ló losùn, kì í ráhùn osùn,
Lékèélékèé ló lẹfun, kì í ráhùn ẹfun.
Kí n má ráhùn owó, kí n má ráhùn ọmọ.

Ó ní kí n wo ẹyẹ kìíní. Agbe ni. Ara agbe dúdú bí aró, ìdí nìyẹn tí Màmá kò fi fi ẹ̀kọ sínú rẹ̀, kí aró lè ráyè kún un. Lékèélékèé funfun, ìdí nìyẹn tó fi fi ẹ̀kọ bò ó, kí aró má lè wọlé. Àlùkò, ẹyẹ osùn, aró kò lè pọ́n bí osùn, ó wá fi ìlà dá a sí méjì, kò dúdú, kò funfun. Omi ìsàlẹ̀ ni Olókun, nítorí pé agbe ni í gbé ire k'Olókun. "Ìwúre ni ìyá rẹ yà síbẹ̀," ó ní, "ó sì yà á tán. Aró nìkan ló kù."

Inú mi dùn débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ pọ̀. Mo sọ fún un bí mo ṣe gba àwọn aṣọ náà lọ́wọ́ iná, mo ní mo sọ fún Bọ̀ọ̀dá pé àwòrán lásán ni.

Ìyá Kékeré dákẹ́. Ó wá ní, "Ta ló sọ fún ọ pé lásán ni?"

Mo ní, "Ìyá, mo kàn sọ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n má baà jó o ni."

Ó ní, "Ọmọ mi, ìyá rẹ gbà á gbọ́. Ó gba Jésù gbọ́, ó sì gbà pé Ìyá Màpó ló fi iṣẹ́ lé òun lọ́wọ́, kò fi ìkan pamọ́ fún ìkejì. Bí ó bá jẹ́ lásán ni, ṣé ó máa fi ojú tó ti ń ṣe báìbàì ya ẹyẹ bí ọgọ́ta? Iná ni tìrẹ náà."

Mi ò lè sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ le, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Àwọn alágbàdúrà yẹn gbàgbọ́ pé agbára wà lára aṣọ ìyá mi, wọ́n sì bẹ̀rù rẹ̀. Èmi ni mo sọ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Nínú àwa méjèèjì, àwọn ni wọ́n fún iṣẹ́ Màmá ní iyì tó pọ̀ jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iná ni wọ́n fi yẹ́ ẹ sí. Mo ti gbọ́ kí àwọn ẹlòmíràn máa sọ irú ọ̀rọ̀ mi yìí, pàápàá ní Abuja níbí, tí wọ́n ń fi ère àti àdìrẹ ṣe ọ̀ṣọ́ pálọ̀: àṣà lásán ni, kò sí ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń sọ ọ́. Wọ́n fẹ́ kí nǹkan náà wà láàyè. Ṣùgbọ́n mo ti wá gbà pé n kò lẹ́tọ̀ọ́ láti tú inú iṣẹ́ òbí mi dànù kí n lè gbé awọ rẹ̀ sálà. Èmi fúnra mi kì í bu omi sílẹ̀ fún Ìyá Màpó. Màmá ń ṣe é. Ohun tó jẹ mí lógún ni kí n sọ pé ó ń ṣe é.

Nítorí náà mo padà sọ òótọ́ fún Bọ̀ọ̀dá. Ó jẹ́ oṣù kìíní 2023, mo ti kó àwọn aṣọ náà wá sí Kubwa nígbà yẹn, mi ò níí parọ́ pé mo ní ìgboyà láti sọ ọ́ nígbà tí wọ́n ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo pè é, mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, mo purọ́ fún yín. Kì í ṣe lásán. Màmá ní in lọ́kàn." Mo sọ ohun tí Ìyá Kékeré sọ. Mo ka ìwúre náà. Kò dá mi lóhùn, ó ní àlejò wà lọ́dọ̀ òun. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò pè mí.

Ọjọ́ tó máa pè, òru ni. Ó ní, "Ìwúre yẹn, tún un kà." Mo tún un kà. Ó ní ní 1986, láàárọ̀ ọjọ́ tí òun fẹ́ ṣe ìdánwò àbájáde, Màmá pe òun wọ àgbàlá, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún aró títí dé ìgbọ̀nwọ́, ó gbé ọwọ́ náà lé òun lórí ó sì sọ ọ̀rọ̀ yẹn gan-an. Aró kán sí kọ́là ṣáàtì ilé ìwé òun. Ó ní òun bínú nítorí ṣáàtì. Bọ̀ọ̀dá mi kì í sunkún létí ẹnikẹ́ni. Mo fi fóònù sétí títí ó fi tán.

Kò yí ìgbàgbọ́ rẹ̀ padà, mi ò sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó yí i. Ó ní àwọn aṣọ náà kò gbọdọ̀ sùn sílé òun mọ́, àfi Ìbàdàndùn, èyí tó ní òun fẹ́. Ó sì ní òun gbọ́ pé ọ̀kan ṣì wà tí kò parí.

Ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà, tó ń kọ́ nípa aṣọ ṣíṣe ní yunifásítì ní Zaria, ló sọ ohun tó mú wa yára. Ó wá sọ́dọ̀ mi nígbà ìsinmi, ó tẹ́ aṣọ náà, ó fi gíláàsì ńlá wò ó. Ó ní, "Àǹtí, oúnjẹ ni láfún. Bí kòkòrò kò bá tíì jẹ ẹ́, ó ń bọ̀ wá jẹ ẹ́ ni, á sì jẹ aṣọ mọ́ ọn. Ẹ wò ó, ẹ̀kọ ti ń sán." Lóòótọ́, ìlà wẹ́wẹ́ bí irun ti là káàkiri inú ẹ̀kọ náà, pàápàá lára àwọn lékèélékèé, níbi tí ẹ̀kọ ti nípọn jù. Ó ní ohun méjì ló wà: ká fọ ẹ̀kọ kúrò kí aṣọ lè pẹ́, àwòrán á sì lọ pátá, tàbí ká rẹ ẹ́. Ká tọ́jú u bó ṣe wà kò sí níbẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin ní a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan iṣẹ́ tí olóògbé kò parí. Mo rò ó títí. Agbe tí kò tíì láró, ẹyẹ wo ni? Bí Màmá ṣe yà á, aró ló fi pààlà ẹyẹ kan sí èkejì. A fẹnu kò pé ká rẹ ẹ́.

Mallam ti darúgbó, ọmọ rẹ̀ ló wà lẹ́nu kòtò báyìí. A pè é nínú oṣù kọkànlá 2023, ó ní ká má tíì wá. Ọyẹ́ ti ń mú, òtútù kì í jẹ́ kí aró jí dáadáa, ká jẹ́ kí ooru dé. Nígbà tí ooru dé, ààwẹ̀ bọ́ sí i. Lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀, ní ìparí oṣù kẹrin 2024, Bọ̀ọ̀dá wá pàdé mi ní Rìgásà, a jọ lọ sí Kánò nínú ọkọ̀ rẹ̀. Aṣọ náà wà lórí ẹsẹ̀ mi, ní yíyí mọ́ igi rẹ̀.

Wọ́n gbé Mallam àgbà jókòó sórí ẹní lábẹ́ ìbòòji kí ó lè wò wá. Nígbà tó rí ẹ̀kọ, ó ní, "Mama Bayarabiya." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ rẹ̀ ní "Bismillahi", ó sọ aṣọ kalẹ̀. Bọ̀ọ̀dá wò mí, ó ní "Àmín."

Mo ti gbàgbé pé aṣọ kì í jáde láti inú aró ní dúdú. Àwọ̀ ewé ló fi jáde, ewé tó fẹ́ pọ́n, gbogbo agbe jẹ́ àwọ̀ ewé. Ọmọ Mallam na aṣọ náà sínú afẹ́fẹ́, ó dúró láì mira. Láti etí aṣọ ni àwọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ewé di búlúù lójú wa, ó ń rìn lọ sí àárín bí òjìji ìkùukùu ṣe ń rìn lórí pápá. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún ló sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ̀ẹ̀márùn-ún ló sá a. Nígbà tó yá, obìnrin àgbàlagbà kan, ọmọ Yorùbá tó wá ra aṣọ, kọjá lẹ́yìn wa. Ó rí ẹ̀kọ, ó dúró, ó kí wa bí wọ́n ṣe ń kí aláró nílé: "Àrẹ̀dú o!" Ó ti pẹ́ gan-an tí mo ti gbọ́ ọ kẹ́yìn.

Ilé tí a gbé dàgbà lójú Yoruba Road ni a sùn sí, ayálégbé kan tó mọ Màmá ló gbà wá. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, aṣọ ti gbẹ, a tẹ́ ẹ sórí tábìlì nínú àgbàlá, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀bẹ kíkú ha ẹ̀kọ kúrò. Ó ń bọ́ bí ìpẹ́. Níbi tí ẹ̀kọ ti sán, aró ti wọlé. Gbogbo lékèélékèé ló ní iṣan búlúù wẹ́wẹ́ lára, bí iṣan ẹ̀yìn ọwọ́ arúgbó. Màmá kò yà á bẹ́ẹ̀. Ọdún tí aṣọ fi dúró ló yà á.

Bọ̀ọ̀dá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí. Ó ti sọ kí a tó kúrò ní Kàdúná pé wíwà lòun wà, òun kò níí fọwọ́ kàn án. Nígbà tí mo dé ìtò kẹta, ó wọlé lọ, ó gbé àpótí ìjókòó kan jáde, ó mú ṣíbí lórí àwo, ó jókòó sí apá kejì tábìlì. Agbe ló bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, ó ń fi ẹ̀yìn ṣíbí ha ìlà tó yí i ká, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Eruku aró wọ abẹ́ èékánná rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó béèrè, láì gbójú sókè, pé agbe mélòó ló kù.

Mo kà á, mo ní mẹ́rìnlá.

Ó ní kí n bu omi wá, ó tún fa àpótí rẹ̀ sún mọ́ tábìlì.